Kọ̀ǹpútà Olójú Ńlá àti Kásẹ́ẹ̀tì Màámi

Òórùn èédú ló máa ń jí mi nínú yàrá tí mo gbà ní Ìlá nígbà náà, èédú àti aṣọ tútù tí àyọ́ọ̀nù gbígbóná ń kọjá lórí rẹ̀. Télọ̀ ló wà ní yàrá kejì, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló là wá láàárín, débi pé tí ó bá sín, èmi ni mo máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Ó kù bí ọdún méjì kí a wọ ọdún 2000. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, mo ti kọ́ iṣẹ́ fídíò, mo sì ní kámẹ́rà àgbékọ́jìká kan tí mo fi ń tẹ̀lé ìgbéyàwó àti ìkómọ láti Ìlá dé Òkè-Ìlá, títí dé Ọ̀rà. Èmi nìkan ni mo ń gbé. Màámi ti kú ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, àbúrò mi obìnrin ti lọ sílé ọkọ, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo sì wà lókè òkun. Kò lè wá sin wọ́n. O mọ bí tiwa, àwa Mùsùlùmí, ṣe rí: wọ́n kú láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti wà nínú ilẹ̀.

Nígbà Iléyá, ọkùnrin ará ìlú wa kan tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi bọ̀ mú owó àti lẹ́tà wá. Lẹ́tà náà kò gùn. Ó ní kí n fi owó náà ra kọ̀ǹpútà tí n óò fi máa gé fídíò, kí iṣẹ́ mi lè yàtọ̀. Ó ní èyí tí n óò kọ́kọ́ gé ni ibi tí Màámi ti bá òun sọ̀rọ̀ nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì àbúrò wa, kí ọkùnrin náà bá òun mú un padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọdún kẹsàn-án nìyẹn tí kò ti fojú kàn wọ́n.

Òṣogbo ni mo ti lọ rà á. Ṣọ́ọ̀bù náà kún fún tòkunbọ̀, ó ń rùn bíi páálí tí òjò ti pa. Ọkùnrin tó ń tà á fara balẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọmọ ìyá, kò sí ohun tó ń jẹun nínú kọ̀ǹpútà tó fídíò. Owó ọwọ́ rẹ kò lè ra ojú ńlá àti díìsìkì ńlá pọ̀. Mú olójú kékeré yìí, fi ìyókù ra díìsìkì ńlá. Ojú kọ́ ni fídíò ń gbé, ikùn ni.”

Mo gbọ́ ọ, òtítọ́ ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n olójú ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fẹ̀ tó fèrèsé. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé ta ni yóò dúró lójú títì ní Ìlá tí yóò rí díìsìkì? Mo ní, “Ẹ bá mi gbé ńlá yẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ó dáa o. Ọjọ́ tí ikùn rẹ̀ bá kún, má sọ pé n kò wí.”

Nígbà tí mo gbé e dé, télọ̀ fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Alájọgbé, ṣé ilé sinimá lo fẹ́ ṣí ni? Ibo lo wá fẹ́ máa sùn?” Inú mi dùn. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo so ẹ̀rọ fídíò mọ́ kọ̀ǹpútà, mo ti kásẹ́ẹ̀tì Màámi bọ̀ ọ́, mo sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa gbà á sínú díìsìkì. Wọ́n pe ìrun alásárì, mo lọ. Nígbà tí mo dé, ó ti dúró. Mo rò pé ó ti parí ni. Mo pe télọ̀, a jọ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: àbúrò mi nínú aṣọ funfun, ojú rẹ̀ mọ́ rekete lórí gíláàsì ńlá náà. Kò pẹ́ tí iná lọ. N kò wò ó dé òpin. Kí n má purọ́ fún ọ, láti ìgbà tí Màámi ti kú ni mo ti ń pa kásẹ́ẹ̀tì yẹn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọjọ́ kejì ni ìkómọ ọmọ télọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun tí mo fi pamọ́ fún un, mo ti lò ó fún iṣẹ́ kan ní Ọ̀rà. O lè máà mọ̀ ọ́n: eyín kékeré kan wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, tí o bá ti ṣẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni kò lè tẹ nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣẹ́ ti Màámi, lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n kú. Ṣùgbọ́n gbogbo àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí la mọ̀ pé sẹlotéèpù díẹ̀ lójú ihò yẹn ti tó. Mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́, mo ya ìkómọ náà sórí rẹ̀, mo sì kó o fún télọ̀. Mo ní, ṣebí wọ́n ti wà nínú kọ̀ǹpútà.

Ìgbà tí mo jókòó láti gé fídíò Màámi ni mo tó mọ̀. Ogún ìṣẹ́jú péré ni díìsìkì kékeré náà gbà. Màámi fa ìborùn wọn síwájú, wọ́n wo kámẹ́rà, wọ́n pe oríkì ẹ̀gbọ́n mi, “Àkànní, ṣé o ń rí mi?” Ibẹ̀ ló pin sí. Ẹnu wọn wà ní ṣíṣí díẹ̀, ó tóbi lórí gíláàsì náà ju bó ṣe rí nígbà ayé wọn lọ.

Mo lọ sílé tẹlifóònù, mo sọ òtítọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, “Kí ni wọ́n bá mi sọ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, n kò gbọ́ ọ. Iná bátìrì kámẹ́rà ni mò ń wò, ẹ̀rù ń bà mí kó má baà kú.”

“Ṣebí ìwọ lo dúró níwájú wọn.”

“Èmi ni.”

“Ó dáa. Kú iṣẹ́.”

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí télọ̀ tó kan ilẹ̀kùn mi. “Alájọgbé, ìyá àgbà wo ló wà ní ìparí ìkómọ ọmọ mi? Wọn kò sí nínú àlejò wa.” Mo tẹ̀ lé e wọlé. Ìkómọ náà gba bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà àwòrán wárìrì, Màámi sì yọ, ọwọ́ méjèèjì ní títẹ́ síwájú. Wọ́n ní, “Àmín.” Wọ́n fi ọwọ́ ra ojú. Wọ́n wá yíjú sí mi: “Ó ti tó, pa á.” Ó tán.

Mo ní, “Màámi ni.” Télọ̀ kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó da kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, ó tún fi hàn mí.

Mo da ibẹ̀ kọ sí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, mo fi rán ọkùnrin tó mú lẹ́tà wá sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣì máa ń kọ lẹ́tà, ó ń béèrè àlàáfíà, ṣùgbọ́n kò fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà rí. Mo ti ta kọ̀ǹpútà yẹn. Ohun tí mo rà kọ́ ló ń dùn mí jù mọ́. Mo dúró níwájú ìyá mi, mo sì ń wo iná bátìrì, ìyẹn ló ń dùn mí. Télọ̀ ṣì máa ń wo ìkómọ ọmọ rẹ̀. Tí mo bá ti gbọ́ igbe ọmọ náà nínú fídíò láti ẹ̀yìn pákó, mo máa ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró, mo máa ń tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì, kí n lè bá Màámi ṣe Àmín sí àdúrà tí n kò mọ̀.