Orúkọ Méjì Tó Bá Díìsìkì Lọ

Òórùn íǹkì gbígbóná àti ti epo jẹnẹrétọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé ní Festac, l'Ékòó, nígbà yẹn, kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé gbogbo ènìyàn. Ibẹ̀ ni bàbá kan ti wá bá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní ẹ́sítéètì Raji Rasaki. Ó fẹ́ kọ ìtàn ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò lè kọ̀wé mọ́. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa sọ, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ mi bá dúró díẹ̀, á ní, "Àǹtí, ṣé o ti sùn ni?"

N kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. O mọ bí iná ṣe máa ń lọ láìdágbére. Bí bàbá bá ti lọ, ibi méjì ni mo máa ń tọ́jú ohun tí a tẹ̀ sí lórí kọ̀ǹpútà, C àti D. Gbogbo àwa tí a ń tẹ̀wé ládùúgbò la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. A gbà pé bí C bá bàjẹ́, D á ṣẹ́ kù. N kò tẹ ìkankan jáde sórí ìwé, torí bàbá ní kí ó parí ná.

Nígbà tí iṣẹ́ náà wọ oṣù kẹrin, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń fi èékánná kan tábìlì, ó sì kú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Agboju. Ó yọ díìsìkì inú rẹ̀, ibi tí gbogbo ohun tí a tẹ̀ ń wà, ó gbé e sétí.

"Èyí ti lọ, Àǹtí."

"D ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "D wo? Díìsìkì kan ṣoṣo rèé. Wọ́n kàn pín in ni, bí ìgbà tí ẹ fi kọ́tìnì pín yàrá. Tí ilé bá jó, kí ni kọ́tìnì fẹ́ ṣe?"

Ó gbìyànjú fún ọjọ́ méjì, kò rí nǹkan kan yọ. Mo bi í léèrè èyí tí mo lè rà tí kò ní kú.

"Kò sí. Gbogbo wọn ló ń kú. Ẹ ra òmíràn tó dá dúró, ẹ gbé e sí ilé ibòmíràn, ẹ sì máa ṣí i wò."

Mo lọ sọ fún bàbá bó ṣe rí gan-an. Ó gbọ́ mi tán, ó ní:

"Ṣé o ráyè lọ́la?"

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ń tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń dà á sí díìsìkì kejì tó wà nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Amúwo. Títí di òní, mo ṣì máa ń ṣí àwọn tí mo tọ́jú lọ́dọọdún, kí n fojú ara mi rí i pé wọ́n ṣì ń ṣí.

Nígbà tí a dé ibi àwọn ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí ṣáájú rẹ̀, tí wọn kò dàgbà, bàbá dárúkọ márùn-ún, ó dúró. Méje ni wọ́n.

"Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Kí ni àwọn méjì yòókù ń jẹ́?"

Ìka mi ló tẹ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n n kò rántí. Kò sí ẹlòmíràn láyé tí a lè bi.

Bàbá ti kú báyìí. Ìwé náà wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló pé àfi ibì kan. Orúkọ márùn-ún ló wà lójú ewé yẹn, lẹ́yìn wọn ni "àti àwọn méjì mìíràn." Èmi náà ni mo tẹ ìyẹn.