Ewéko Tí Rùkáyà Mú Wá sí Kíláàsì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, torí ojú ṣì ń tì mí.

Tíṣà báọ́lọ́jì ni mí, níléèwé kan nísàlẹ̀ Mápó. Lọ́jọ́ kan, mo kọ́ àwọn SS1 pé gbogbo ewéko tó bá ti ní iṣan tó ń gbé omi ló ní gbòǹgbò, ọ̀pá àti ewé.

Lọ́jọ́ kejì, Rùkáyà, ọmọ àdúgbò Bẹ́yẹrúnká tí kì í sábà sọ̀rọ̀, mú ewéko kan wá. Ara ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wọn ló ti já a. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ń ya sí méjì méjì, pẹ̀lú nǹkan róbótó tó pọ́n rúsúrúsú lára. Ó ní kò léwé, kò ní gbòǹgbò. Ṣé kò ní iṣan nìyẹn?

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Ṣé kò yẹ kí inú mi dùn? Ńṣe ni mo ní ó ti gé gbòǹgbò rẹ̀ dànù kó lè bá mi jiyàn. Mo ní kó wà lórí ìdúró títí a fi parí. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo gba ewéko náà, mo sọ ọ́ gba ojú fèrèsé.

Nígbà tí wọ́n wọ SS2, Commercial ló lọ. Mi ò tiẹ̀ bi í pé kí ló dé.

Àfi oṣù tó kọjá tí mò ń kọ nóòtù lórí bí ewéko ṣe kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀. Mo kà á pé àwọn tó kọ́kọ́ ní iṣan láyé àtijọ́ ò léwé, wọn ò sì ní gbòǹgbò gidi. Ọ̀pá tó ń ya sí méjì lásán ni wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni gbòǹgbò àti ewé tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ọ̀kan tó jọ wọ́n ṣì wà títí dòní: ó ní iṣan, kò ní gbòǹgbò. Mo wo fọ́tò rẹ̀. Ewéko Rùkáyà ni!

Mi ò lè fi í dọ̀la. Mo gba Ọjà'ba lọ sí Bẹ́yẹrúnká. Ìyá àgbà rẹ̀ ń dúpẹ́ ṣáá pé tíṣà wá kí àwọn. Ọpẹ́ yẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, wọ́n sì pe ọmọ náà. Mo ní òótọ́ ló sọ, èmi ni mi ò mọ̀, kó má bínú.

Rùkáyà wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú ìdí ẹ̀ wò kí n tó mú un wá, mà. Mo rò pé ẹ máa bá mi wò ó ni."



Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Mo bẹ ọ̀gá àgbà, wọ́n sì gbà kó padà sí Science. Rùkáyà fúnra ẹ̀ ló kọ̀. Ó rọra ní ibi tóun wà ti mọ́ òun lára.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, ṣé "mi ò mọ̀" wá le tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wa ni? Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, bóyá yóò ṣì máa béèrè ìbéèrè. Ṣé ẹ ti ṣe irú ẹ̀ fọ́mọ rí, àbí wọ́n ti ṣe é fún yín? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mò ń kà á.