Tanímọ̀la Jókòó Lẹ́nu Géètì

Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Ìbíyẹmí sọ ajá tirẹ̀ ní Tanímọ̀la. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ Yorùbá ní Jiddari Polo, nílẹ̀ Kànúrí? Àwọn Kànúrí àdúgbò gé orúkọ náà kúrú, wọ́n ń pè é ní Tani, òwe Ìbíyẹmí sì já sófo.

Motúnráyọ̀, ọmọ rẹ̀, tí Haúsá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ló kọ́ ajá náà ní ìjókòó. Bó bá ti ní, "Zauna!", Tanímọ̀la á fìdí lélẹ̀, kò ní mira mọ́. Ìbíyẹmí ló máa ń tú u sílẹ̀: "Ó yá, ká lọ!" Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ló ń gbé e dìde.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá ni Ìbíyẹmí kú. Dúrótoyè, ọkọ rẹ̀, olùkọ́ yunifásítì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, kò sunkún. Inú rẹ̀ kú bí ẹ̀rìgì tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́. Nígbà tí Motúnráyọ̀ pè é wá sí Ìlú Ọba kó wá máa bá òun gbé, ó gbà. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kí ajá ìyàwó òun bá òun lọ.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí ọdọọdún ni ajá náà ń gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Àfi bí dókítà ẹranko ṣe sọ pé Ìlú Ọba kò ka ìyẹn sí. Ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ohun kékeré tí ẹ̀rọ fi ń dá ajá mọ̀ sábẹ́ awọ rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ tó tẹ̀lé e. Wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun: abẹ́rẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n dúró fún oṣù mẹ́ta. Físà Dúrótoyè ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò mú ajá arúgbó wá bá a lẹ́yìn. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀. Ó yẹ kó dùn ún. Kò dùn ún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó lọ sílé.

Màlámù Bukar, aládùúgbò rẹ̀, ló gba ajá sọ́dọ̀. Kì í jẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tó fi ń kírun, síbẹ̀ ó ní, "Kada ka damu, ẹ má dààmú. Èmi ni màá máa fún un lóúnjẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, Tanímọ̀la tẹ̀lé ẹrù dé ẹnu géètì, ó fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ napep.

Dúrótoyè ní, "Zauna." Ajá jókòó. Kẹ̀kẹ́ gbéra, ọkùnrin náà ò sì wẹ̀yìn.

Ó ti dé pápá ọkọ̀ òfurufú Àbújá kí Màlámù tó pè é.

"Olùkọ́, láti àárọ̀ lajá yìí ti jókòó sínú oòrùn. Mo fún un lẹ́ran, kò jẹ ẹ́. Mo ní kó dìde ní Haúsá, mo sọ ọ́ ní Kànúrí. Kí ni ìyàwó yín máa ń wí fún un?"

Dúrótoyè ò rántí sọ ọ́ fún un kó tó lọ. Ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò yọ dáadáa lẹ́nu Màlámù, ajá ò sì mira.

Ó ní, "Ẹ gbé fóònù sétí ajá náà."

Lẹ́yìn náà ló pe ọ̀rọ̀ náà bí Ìbíyẹmí ṣe máa ń pè é: "Ó yá, ká lọ."

Ó gbọ́ ìró èékánná ajá lórí yanrìn.

Màlámù kígbe pé, "Ó ti dìde! Olùkọ́, ó ti sáré bọ́ sí títì! Ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ yín gbà ló gbà yẹn!"

Ìgbà yẹn ló tó dun Dúrótoyè.