Daddy Wálé Fọ Mọ́tò Kí N Tó Dé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tójú mi rí ní Peckham lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí inú ṣì ń bí mi!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ iṣẹ́ mi. Tí lọ́rì bá ń gbé mọ́tò àtijọ́, tí mọ́tò náà fara pa lọ́nà, èmi ni wọ́n máa ń pè kí n wá wo ohun tó bà á jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ tó ni lọ́rì ló pè mí.

Daddy Wálé, àgbàlagbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló ni mọ́tò. Ìjàpá ni, mọ́tò kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí kìrìbìtì yẹn. Òun ni Daddy àti ìyàwó wọn fi ṣe ìgbéyàwó l'Ékòó. Mummy ti di olóògbé, ni Daddy bá ní kí wọ́n gbé mọ́tò náà wá bá àwọn láti Èkó. Kí lọ́rì tó gbé e láti èbúté dé Peckham, mọ́dígáàdì iwájú ti tẹ̀ wọnú, ara rẹ̀ sì ti bó.

Ṣé ẹ mọ ohun tí Daddy ṣe? Wọ́n gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, wọ́n bá fọ mọ́tò! Wọ́n tún fi ọ̀dà kun ibi tó bó. Nígbà tí mo figbe ta pé wọ́n ti fọ ẹ̀rí dànù, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n fi ìdọ̀tí pàdé àlejò ni?" Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni tí ilé-iṣẹ́ rán wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àpá àtijọ́ ni Daddy fi ọ̀dà bò, pé kí n kọ bẹ́ẹ̀ ká máa lọ. Ó pe bàbá ní oníjìbìtì lójú mi! Daddy kàn rọra ní, "Fi sílẹ̀, my dear. Leave it for God."

Rárá o! Mo ní, "Daddy, Ọlọ́run yẹn náà ló fún mi lójú." Mo tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì mi sílẹ̀, mo wọ abẹ́ mọ́tò. Daddy ò fọ abẹ́! Irin tí wọ́n so ṣéènì tó dè é sórí lọ́rì mọ́ ti ya, ojú ibi tó ya ń dán bíi ṣíbí tuntun, nígbà tí gbogbo irin tó kù ti dípẹtà, ìyẹn ni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ni. Ọ̀dà pupa ara lọ́rì wọn sì wà nínú etí mọ́dígáàdì, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì Daddy ò dé. Mọ́tò já kúrò nínú ìdè, ó lu ẹ̀gbẹ́ lọ́rì. Kí ló tún kù?

Mo ní kí ọ̀gbẹ́ni náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní sùútù òun á dọ̀tí! Ó wá ní tí mo bá kọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tù, wọn ò ní pè mí síṣẹ́ mọ́. Mo ní kí wọ́n má pè mí! Ṣé torí iṣẹ́ ni màá ṣe sọ bàbá olóòótọ́ di olè? Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i.

Lóòótọ́, wọn ò pè mí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ló ń tún mọ́tò Daddy ṣe báyìí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí nǹkan yín bá fara pa lọ́nà, ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àlejò bá ìdọ̀tí nílẹ̀. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí ìwà ọmọlúàbí pè yín lólè.

Ta ni wọ́n ti ṣe irú èyí fún? Kí lẹ ṣe sí i? Ẹ sọ ọ́ síbí, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ sókè!