Òkúta Tín-ín-rín Kì í Ṣe Fáìlì

Ọkọ mi kì í jókòó. Bó bá ń jẹun pàápàá, orí ìdúró ló wà, kí n sì tó yíjú padà, abọ́ ti ṣófo, òun ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń wá bàtà rẹ̀ kiri. Kíákíá ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Wẹ́dà ni, èmi ń ránṣọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti tirẹ̀. Sókẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ti jóná tipẹ́. Ó ní òun máa tún un ṣe lọ́la, ọ̀la yẹn ò sì dé. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń fa iná. Wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó kọjá sábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ.

Ojú kan ló fi ń ríran. Irin kékeré kan tí kò tó ẹyọ ìrẹsì ló wọ ojú òsì lọ, lọ́jọ́ tó sọ pé, "Ẹyọ irin kan péré ni mo fẹ́ gé, kí ni mo fẹ́ fi ìbòjú ṣe?" Ọ̀rọ̀ dókítà ò gùn: èyí tó kù ò ní ìpààrọ̀ o. Ọkọ mi ní òun ti gbọ́. Kí dókítà tó pa ẹnu dé, ó ti dìde. Èmi ni mo kù sórí àga, ni ẹ̀rù tó yẹ kó ba òun bá di tèmi.

Láti ọjọ́ náà, etí mi ò sinmi mọ́. Ẹ̀rọ tó fi ń ṣiṣẹ́, èyí tó máa ń fọwọ́ méjèèjì dì mú, tí àwo pẹlẹbẹ kan ń yí bíríbírí lẹ́nu rẹ̀, fáìlì ni àwọn wẹ́dà ń pè é, ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n fi ń ha irin. Àwo ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní òkúta. Èyí tó nípọn ni wọ́n fi ń ha irin kó lè dán. Èyí tó tín-ín-rín, etí rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń gé irin. Wọn kì í fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ha nǹkan, torí bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó máa fò sí. Ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n bó bá gé irin tán, òkúta tín-ín-rín yẹn kan náà ló máa ń fi ha etí rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ yìí?" ló máa ń bi mí.

"Fáìlì."

"Kí wá ni mò ń fi í ṣe?"

"Ẹ fẹ́ fi fọ́jú ni."

Kéèyàn tó pààrọ̀ òkúta, ó gbọ́dọ̀ yọ wáyà kúrò nínú iná, kó dúró kí ẹ̀rọ ṣíwọ́ yíyí, kó tó fi sípánà tú u. Lójú Kíákíá, ìrìn àjò nìyẹn.

Mo mọ ohùn méjèèjì. Bó bá ń gé irin, ohùn ẹ̀rọ máa ń lọ geere. Bó bá fi ẹ̀gbẹ́ òkúta ha á, á máa kùn, ògiri á sì máa gbọ̀n. Bí mo bá ti gbọ́ ìyẹn, màá ju aṣọ sílẹ̀, màá kó sábẹ́ tábìlì, màá fa wáyà yọ. Ohùn ọkọ mi á gba fèrèsé wọlé.

"Ìyá Ìbejì! Ṣé o fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

"Ẹ pààrọ̀ òkúta, Bàbá Ìbejì."

"Oníbàárà wà lórí ìdúró!"

"Ẹ fún un lága kó jókòó."

Kò kúkú sí àga kankan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìbòjú náà, ike tó mọ́ gaara tó ń bo gbogbo ojú, tún ni ìjà míì. Ó ní okùn rẹ̀ ti dẹ̀, ó ń já bọ́ sórí imú òun, ló bá sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń fi kọ́ ìṣó. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri, mo gbé ìbòjú sórí máṣíìnì mi, mo fi rọ́bà ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì rán okùn tuntun sí i. Rọ́bà pupa ni, òun ló kù nílẹ̀. Mo fi dé e lórí fúnra mi. Ó mi orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò yẹ̀.

"O ti wá fi síkẹ́ẹ̀tì dé mi lórí," ó wí.

"Ẹ ṣáà má bọ́ ọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mò ń wọn oníbàárà kan, téèpù wà láyà rẹ̀, pínnì wà lẹ́nu mi. Ohùn ẹ̀rọ yí padà. Ògiri ń gbọ̀n. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, oníbàárà di téèpù mú, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká parí àyà yìí ná." Mo tu pínnì dànù, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ mi ò tíì kan wáyà tí nǹkan fi dún gbàà!

Mo fa wáyà yọ. Mo dúró kí ọkọ mi pariwo mọ́ mi láti ojú fèrèsé. Kò pariwo. Mo fẹ́ kó bú mi, àní kó bú mi burúkú burúkú. Mo sáré jáde, mò ń bẹ Ọlọ́run, mo sì ń bínú sí ọkọ mi nínú ẹ̀bẹ̀ kan náà.

Ó wà lórí ìdúró, ẹ̀rọ wà nílẹ̀. Irin tó bo àwo náà ti gba púpọ̀ nínú òkúta tó fọ́, ṣùgbọ́n àfọ́kù kan ti wọ ara ìbòjú, kò là á já, ó há síbẹ̀, níwájú ojú ọ̀tún gan-an. Ọkọ mi ń wò ó láti inú, kò ṣẹ́jú.

"Ìyá Ìbejì," ó wí, "mò ń rí ẹ."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo fẹ́ bọ́ ìbòjú náà, rọ́bà mi ò gbà, ó fún pinpin. Ó tẹ̀lé mi wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì jókòó sórí àga. Ó jókòó pẹ́ débi pé oníbàárà tí mo tì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Ní báyìí, bó bá gé irin tán, á pariwo, "Yọ ọ́!" Màá yọ ọ́, màá di ẹnu wáyà mú, màá máa gbọ́ bí sípánà ṣe ń dún, títí tó máa fi ní, "Ó yá, fi sí i!" Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníṣẹ́ iná wá láti tún sókẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe. Ọkọ mi dá a padà láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní kó má ṣèyọnu, ọwọ́ ìyàwó òun ni iná òun wà.