Oògùn Ìrora Ìyá Ìjọ

Òórùn ìpara tó ń ta sánsán sí imú ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní yàrá físíò wa ní Garki, lẹ́yìn náà ni òórùn bẹ́ẹ̀dì onírọ́bà tí oòrùn ti pa láti ojú fèrèsé. Iṣẹ́ wa níbẹ̀ ni kí a fọwọ́ wọ́ ara tó ń dunni, kí a kọ́ eegun àti iṣan bí wọn yóò ṣe tún máa rìn. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, gbogbo ìgbà ni iná ń lọ, àwa méjì péré ló sì ń tọ́jú èrò rẹpẹtẹ. Irú àárẹ̀ tí oorun kì í lé lọ ló ń mú wa.

Àsìkò yẹn ni obìnrin kan ń wá láti Gwarinpa. Ọ̀gá ni níléeṣẹ́ ìjọba, ọmọ Èkìtì, ó sì tún jẹ́ ìyá ìjọ. Mọ́tò kan ló kọ lu tiẹ̀ látẹ̀yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gbádùn láti ìgbà náà. Ẹni ọ̀wọ̀ ni, a máa kí gbogbo aláìsàn tó bá níbẹ̀ kó tó jókòó. Ṣùgbọ́n bí oṣù ti ń gorí oṣù, mo rí i pé oorun ń kún ojú rẹ̀, pé ó ń họ ara ṣáá, pé ohun tí mo bá kọ́ ọ lónìí, kò ní rántí rẹ̀ nígbà tó bá tún dé. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ ibi tó máa ń mú kó pariwo, kò tilẹ̀ mira. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀.

Mo fa aṣọ ìkélé yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, oògùn ìrora wo lẹ ń lò?"

Ó ní tramadol ni, tí dókítà kọ fún òun.

"Ṣé bí dókítà ṣe ní kí ẹ lò ó náà lẹ ṣì ń lò ó?"

Ó dìde jókòó. "Ṣé ọmọ ìta lẹ fi mí pè ni? Ìyá ìjọ ni mí o! Dókítà ló fún mi."

"Mi ò pè yín bẹ́ẹ̀, mà. Oògùn náà ló lágbára. Ó máa ń di èèyàn mú láìjẹ́ pé onítọ̀hún fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ, kò sì wá mọ́. Mo sọ fún dókítà rẹ̀. Ó ní òun ti dá oògùn náà dúró tipẹ́, pé òun kò mọ ibi tó ti ń rà á.

Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó tún rí i. Òjò ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo bá a lórí bẹ́ǹṣì ìta, kò wé gèlè. Bàbá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń kí i pẹ̀lẹ́ lédè Haúsá, "sànnu, sànnu", ilẹ̀ ló tẹjú mọ́. Nígbà tí mo jókòó tì í, ó ní òun sùn lọ nídìí ọkọ̀ nítòsí Life Camp, ọkọ̀ sì fò gun kọ́ńkéré àárín títì. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó lóyún ló jókòó tì í nínú ọkọ̀ náà. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó fara pa.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí. "Tí mi ò bá lò ó, ara mi á máa gbọ̀n. Nílé, wọ́n ní kí n gbàdúrà sí i. Mò ń gbàdúrà o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yìí ń dùn mí ní tòótọ́."

Mo ní, "Mo gbà yín gbọ́, mà." Ó bú sẹ́kún.

Mo mú un lọ bá dókítà. Dókítà kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ dá oògùn náà dúró lójijì, díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa dín in kù. Tèmi ni láti wá ohun mìíràn fún ẹ̀yìn náà: aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná, ìnara, ìrìn àárọ̀ yípo àdúgbò. Kò rọrùn rárá. Àwọn ọjọ́ kan wà tó ń bì, tó ń làágùn, tó ń fi ìbínú dá mi lóhùn. Ó tún lọ rà á lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi, a sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń délé láìlè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ó bọ́ lọ́wọ́ oògùn náà níkẹyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrora náà kò lọ tán. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó wá dágbére kó tó kó lọ sí Adó. "Ó ṣì ń dùn mí," ó rẹ́rìn-ín, "àmọ́ ojú mi ti dá."

Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní irú ìbéèrè tí mo bi í nípa oògùn rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹlòmíràn bú mi, ẹlòmíràn lọ, mi ò sì rí i mọ́. Ó máa ń rẹ̀ mí kí n tó la ẹnu rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin yẹn fi yé mi ni pé ẹni tó bínú lọ lè ti gbọ́ ohun tí mo sọ, kó sì máa rò ó nínú ara rẹ̀ títí ọjọ́ tí yóò nílò ibi tó lè padà sí. Nítorí náà, mo ṣì máa ń béèrè, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àyè wọn wà lọ́dọ̀ mi, ìgbàkígbà tí wọ́n bá dé.