Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Àdúrà

Òórùn kòkó gbígbẹ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn níwájú ilé náà, ní abúlé wa lẹ́yìn Òdìgbò. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rin ògiri rẹ̀ dáadáa, òórùn tùràrí a tún jáde láti inú amọ̀, bí ẹni pé àwọn tó ń gbàdúrà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ni. Ilé àdúrà ni. Mo tún un wí: ilé àdúrà ni. Àwọn òbí wa, Aláàdúrà, àtìpó tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ló fọwọ́ ara wọn mọ ọ́n. Ìyá mi wà lára àwọn tó pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀. Baba onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda ibẹ̀, nítorí pé àkọ́bí rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó sì fẹ́ kí àdúrà wà nítòsí. Èmi àti ọmọ náà jọ dàgbà lórí ẹní kan náà ni, bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé a kì í wọ bàtà wọ ibi mímọ́.

Nígbà tí bàbá náà kú, ọmọ yìí kan náà ló kó àpò kòkó kún inú ilé, tó sì ti àgádágodo mọ́ ọn. Ìyá mi wá ń gbàdúrà lábẹ́ tapólì tí a ta bí àtíbàbà. Láràárọ̀ ni ó ń bi mí pé, "Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn?" N kò mọ̀wé kọjá ìwé mẹ́fà, n kò sì ní lọ́yà, mo gun ọ̀kadà lọ bá àwọn àgbà ní Òdìgbò. Wọ́n ní kí a pàdé níwájú ilé náà.

Ọmọ onílẹ̀ náà ti Ọ̀rẹ̀ dé, bàtà awọ rẹ̀ ń dán. "Ẹ̀yin bàbá mi, ilé kòkó ni bàbá mi kọ́. Wọn kò gbàdúrà níbẹ̀ rí." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ àtìpó! A fún ọ níjòókòó, o fẹ́ gbé àga lọ."

Àwọn ará abúlé tó pé jọ rẹ́rìn-ín.

"Ṣí i, ká wò ó," ni àgbà jùlọ wí.

Ọmọ onílẹ̀ náà ṣílẹ̀kùn. Bó ti ń ṣàlàyé lọ, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ gìgísẹ̀ èkejì, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fẹsẹ̀ lásán wọ àárín àwọn àpò lọ.

Àgbà jùlọ náà fi ọ̀pá tọ́ka sí bàtà náà. "Ọmọ mi, ta ló ń bọ́ bàtà wọ ilé kòkó?"

Obìnrin kan lẹ́yìn mi pariwo: "Ẹnu ò sọ fún ẹsẹ̀ pé irọ́ làwọn fẹ́ pa!"

Ẹ̀rín yí padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó lọ. Àwọn àgbà ní àwọn yóò ránṣẹ́ sí wa. A ṣì ń retí.

Mo sáré lọ ròyìn fún ìyá mi bí ẹni tó ṣẹ́gun. Kò rẹ́rìn-ín. "Ó bọ́ bàtà?"

"Ó bọ́ ọ, màmá."

"Á jẹ́ pé ó mọ̀."

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀ títí di òní. Gbogbo ìgbà tí mò ń pẹjọ́, èrò mi ni pé ó ti gbàgbé, pé bí a bá rán an létí, yóò ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí kò mọ̀, ènìyàn lè sọ fún un. Èyí tó mọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá mọ̀, tó tún fi kọ́kọ́rọ́ sápò, kí ni mo tún fẹ́ sọ fún un?